Ta Ni Ó Ni Ìpàdánù?
Àròjinlẹ̀ lórí eré ìdárayá kọlẹ́ẹ̀jì àti ìran mẹ́ta tí ń wò ó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí kò sọ pé ọ̀kan gbọ́n, èkejì gọ̀. Ohun tí ó ń sọ ni pé ìṣubú kan náà ni, ojú tí a fi ń wò ó ni ó yàtọ̀. Ọmọdé ń wo iwájú bóyá ẹnìkan ń bọ̀ wá gbé e dìde, tàbí bóyá ẹnìkan rí i nígbà tí ó ṣubú. Àgbà ń wo ẹ̀yìn kí ó lè mọ ohun tí ó gbé e ṣubú. A fẹ́ gbé òwe náà lọ sí orí pápá eré ìdárayá àwọn kọlẹ́ẹ̀jì wa, ní Lougba àti ní gbogbo agbègbè Bantè àti Savalou, nítorí pé ibẹ̀ ni bàbá àgbà, bàbá àti ọmọ ti ń dúró sí ẹ̀bá ìlà kan náà, tí wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù kan náà, tí kálukú wọn sì ń ṣubú lọ́nà tirẹ̀.

Ẹ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn bí eré bá parí. Bí kọlẹ́ẹ̀jì wa bá jáwé olúborí, “A nà wọ́n!” ni gbogbo ẹnu ń wí. Ìyá tí ń ta ẹ̀wà àti gàrí lẹ́bàá pápá, tí kò fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀, wà nínú “a” náà. Ẹni tí ó ti jáde kọlẹ́ẹ̀jì láti ogún ọdún sẹ́yìn, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Kùtọnu, tí wọ́n sì kàn fi fóònù ròyìn eré fún un, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí a bá fìdí rẹmi, ọ̀rọ̀ á yí padà: “Wọ́n ti bà á jẹ́.” Bí ó bá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, “wọ́n” náà á di “ó”: aṣọ́lé ni ó fà á, ẹni tí ó gbá pẹ́nárítì sí ojú ọ̀run ni ó fà á. Kí ojú tó ṣẹ́, “a” ti di “wọ́n”, “wọ́n” ti di “ó”, odidi ìlú sì ti gbé ẹrù rẹ̀ ka orí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kan. Ó jọ ohun tí a máa ń sọ nínú ilé: ọmọ tí ó bá dára ni ti bàbá, èyí tí kò bá dára ni ti ìyá. Ìbéèrè tí a fẹ́ bi ara wa nìyí: ìṣẹ́gun ti ní onílé púpọ̀, ta wá ni ó ni ìpàdánù?

A kò lè dáhùn ìbéèrè náà láì kọ́kọ́ wo bí ìran kọ̀ọ̀kan ṣe kọ́ láti ṣẹ́gun àti láti pàdánù, nítorí pé kò sí ẹni tí a bí mọ́ ọn. Ẹ̀kọ́ ni, olúkúlùkù sì ni ó ní ilé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

Àwọn àgbà wa, àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà tí Dàhòmì gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960, kò bá kọlẹ́ẹ̀jì púpọ̀ ní agbègbè wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ kàwé kọjá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní láti fi ilé sílẹ̀ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ ní ìlú mìíràn. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìjàkadì àti ayò ni wọ́n ti fi mọ ohun tí ìṣẹ́gun jẹ́. Nínú ìjàkadì, ẹ̀yìn ẹni tí a dá á kan ilẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Kò sí ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n á dìde, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù, á sì padà sí àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọn yóò máa lù ú lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nídìí ayò, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí a ń nà ni òpè. Ọ̀ta á bú òpè, á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn òǹwòran á sì máa rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, òpè kì í ṣe orúkọ àbísọ. Ìjókòó ọjọ́ náà ni ó ni orúkọ náà. Bí wọ́n bá ti da ọmọ ayò jọ, tí wọ́n dìde, orúkọ náà á dìde pẹ̀lú wọn. Ọ̀la á mú òpè mìíràn wá. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún.

Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù, ìlú sí ìlú, ilé-ẹ̀kọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n gbé àṣà náà lọ sí orí pápá. Wọ́n tún gbé ohun kan lọ tí àwọn ọmọ òde òní ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá pàdánù, wọn a ní àwọn ẹgbẹ́ kejì ti lo òògùn: wọ́n ti ri nǹkan mọ́lẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ilé bọ́ọ̀lù, wọ́n ti di ojú aṣọ́lé. A kò sọ pé òtítọ́ ni, a kò sì sọ pé kí a padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe láàárín àwọn ènìyàn. Ó ń gbé ẹ̀bi kúrò lórí ọmọ tí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè bínú sí ẹni tí òògùn mú. Ọmọ náà á sùn lálẹ́, á jẹun láàárọ̀, á sì padà sí orí pápá. Àwọn tí wọ́n gbà pé òògùn ni ó nà wọ́n mọ bí a ti ń dáàbò bo ọmọ ju àwa tí a ti rí gbogbo rẹ̀ nínú fídíò lọ.

A kò ní tìtorí èyí sọ pé ìgbà àwọn àgbà kò ní àbùkù. Ẹni tí ń wo ẹ̀yìn a máa rí ohun tí ó wù ú. Ìgbà náà ní ìjà tirẹ̀, ó ní òkò tirẹ̀, ó sì ní ìlú méjì tí kò kí ara wọn dáadáa fún ọjọ́ pípẹ́ nítorí góòlù kan. Èyí tí ọjọ́ ti fọ̀ mọ́ ni wọ́n ń ròyìn fún wa nígbà tí wọ́n bá ní, “Ní ìgbà tiwa.” Síbẹ̀, ohun kan ṣì kù tí a kò lè gbà lọ́wọ́ wọn: ìpàdánù wọn ní òpin. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán, ó máa ń rìn padà sílé pẹ̀lú wọn, ó sì máa ń sinmi bí oúnjẹ alẹ́ bá ti jinná.

Ìran kejì ni àwọn tí wọ́n wà ní kọlẹ́ẹ̀jì ní ọdún 1990 sókè, lẹ́yìn Àpérò Gbogboogbò ti oṣù kejì ọdún náà ní Kùtọnu, títí dé bí ọdún 2010. Ní tiwọn, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ti so pápá kọlẹ́ẹ̀jì mọ́ pápá orílẹ̀-èdè. Ọmọ tí ó gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ á dúró lálẹ́ láti wo àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́, ìyẹn orúkọ tí ikọ̀ Benin ń jẹ́ nígbà náà. Kí ni ó rí? Ní ọdún 2004, ní Tùnísíà, níbi Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a dé, a gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta, a pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní ọdún 2008, ní Gánà, ó tún rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2010, ní Àǹgólà, a ta ọ̀mì kan, a pàdánù méjì. Ọmọ ọdún méjìlá tí ó ń dúró de ìṣẹ́gun ní ọdún 2004 ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí Benin tó na Botswana ní 1-0, ní Mòrókò, ní oṣù kejìlá ọdún 2025, tí a sì lè sọ pé a ti jáwé olúborí nínú ìdíje náà láàárín àkókò eré. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rìnlá ni ó ti kọjá ní ìdíje mẹ́rin àkọ́kọ́ láì sí ọ̀kan tí a borí lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Irú ebi báyìí kì í ṣe tiwa nìkan. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí eré ìdárayá àwọn yunifásítì ti di ohun tí bàbá àgbà fi ń jogún fún ọmọ-ọmọ, tí pápá Yunifásítì Michigan nìkan ń gba ènìyàn tí ó lé ní 100,000, Yunifásítì Columbia ní New York pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 44 léraléra láàárín ọdún 1983 sí 1988 nínú bọ́ọ̀lù irú tiwọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọlé síbẹ̀ ní ọdún 1984, tí ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ìdajì ọdún 1988, kò rí ìṣẹ́gun kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n tó borí Princeton. Ta ni ó wá ni ayọ̀ ọjọ́ náà? Ṣé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní oṣù tí ó ṣáájú ni, tàbí àwọn tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́rin gbáko jókòó nínú òtútù, tí wọ́n sì ti jáde lọ? Lójú tiwa, ẹni tí ebi ti pa ni ó mọ adùn oúnjẹ. Àwọn tí kò rí ìṣẹ́gun náà ni wọ́n san owó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ebi a máa kọ́ ènìyàn ní ìwà rere, a sì máa kọ́ ọ ní ìwàkiwà. Nínú ìran kejì yìí, àwọn kan kọ́ láti fi ìpàdánù ṣe àwàdà. Àwọn kan lọ wá ilé sí ibòmíràn: wọ́n di ọmọ Chelsea, ọmọ Barcelona, ọmọ Marseille, kí ó lè jẹ́ pé ó kéré tán, wọn yóò ní ibi kan tí wọ́n ti ń yọ̀. Àwọn kan sì kọ́ láti wo ẹ̀gbẹ́. Wọn kò wo iwájú bí ọmọdé, wọn kò wo ẹ̀yìn bí àgbà; ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń wò, láti wá ẹni tí wọn yóò na ìka sí.

Ibi tí ìka náà lè gbé ènìyàn dé, a ti rí i ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2005, Benin gba àlejò ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ Áfíríkà tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé ogún ọdún. Lẹ́yìn tí Nàìjíríà na ikọ̀ wa, àwọn kan tí wọ́n pe ara wọn ní alátìlẹ́yìn lu aṣọ́lé wa ní Kùtọnu, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó yẹ kí ó ṣì wà lábẹ́ ìtọ́jú àwọn òbí rẹ̀, ó sì kú. Ìdíje náà kò dúró. Ikọ̀ kan náà yìí dìde, wọ́n gba ipò kẹta, wọ́n sì tipa bẹ́ẹ̀ lọ sí ìdíje àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ ní Holland ní ọdún kan náà. Nígbà náà ni gbogbo ẹnu tún padà sí “a”: a gba ipò kẹta, a ń lọ sí Holland. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ti kù nínú “a” náà. Ìpàdánù tí gbogbo wa kọ̀ láti gbé, òun nìkan ni ó gbé e, ó sì wúwo ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ. A kò gbọdọ̀ gbàgbé ọ̀rọ̀ yìí nígbà kankan tí a bá ń sọ pé eré lásán ni.

Ìran kẹta ni àwọn tí wọ́n wà nínú kọlẹ́ẹ̀jì lónìí. Ní ọdún 2019, ní Íjíbítì, wọ́n ṣì kéré nígbà tí wọ́n rí i tí orílẹ̀-èdè wọn ta ọ̀mì mẹ́ta, tí ó fi pẹ́nárítì lé Mòrókò lọ, tí ó sì dé ìpele mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn kí Sẹ̀nẹ̀gàl tó nà á ní 1-0. Àwọn àgbàlagbà jó lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ náà sì ń bèèrè pé, “A ṣáà pàdánù, kí ni a ń jó fún?” Ìbéèrè náà dára. Ẹni tí ó ti gun òkè fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń wo ibi tí ó ti ń bọ̀. Ẹni tí a bí sí ìdajì òkè ń wo orí rẹ̀. Ní ọdún 2022, wọ́n mú orúkọ Ọ̀kẹ́rẹ́ kúrò, wọ́n sọ ikọ̀ náà ní Guépards, ẹranko tí eré rẹ̀ yá ju ti gbogbo ẹranko lọ. Kò ya àwọn ọmọ lẹ́nu. Wọn kò fẹ́ jẹ́ ẹranko kékeré mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí Nàìjíríà nà wá ní 4-0 ní Uyo, tí ọ̀nà Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé sì dí mọ́ wa lójú nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a wọlé, àwọn àgbà tí wọ́n ní ẹbí lódìkejì ààlà ní ilé ni ó ṣáà lọ. Ọmọ wọn kò rí ẹ̀rín nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ohun méjì ni ó mú kí ìpàdánù àwọn ọmọ yìí yàtọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé eré náà kì í ṣe eré nìkan mọ́. Bí eré bí eré, àlàborùn ń di ẹ̀wù. Lónìí, ìjọba ti dá kíláàsì eré ìdárayá sílẹ̀ nínú àwọn kọlẹ́ẹ̀jì káàkiri àwọn kọ́múùnù, fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ọmọ àgbẹ̀ oníkajú láti Bantè mọ̀ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan lè ṣí ilẹ̀kùn, ó sì mọ̀ pé ọ̀kan lè tì í. Nítorí náà, bí a bá gbá a lẹ́yìn tí a ní “eré lásán ni, má sunkún”, a kò tù ú nínú. Irọ́ ni a pa fún un, ó sì mọ̀. Èkejì ni fóònù. Pẹ́nárítì tí ó tàsé ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ti dé orí fóònù gbogbo ọmọ kíláàsì kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n á fi orin sí i, wọ́n á fi ẹ̀rín sí i, wọ́n á tún un wò. Òpè ìgbà àwọn bàbá wa ń dìde kúrò nídìí ayò. Òpè ìsinsìnyí kò rí ibi dìde, nítorí pé fídíò kì í da ọmọ ayò jọ. A mọ àwọn ọmọ tí wọ́n ti kọ̀ láti lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ kejì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, a sì mọ àwọn tí kò padà sí orí pápá mọ́.

Ẹnìkan lè takò wá níbí yìí. Ó lè ní, “Bí gbogbo wa bá ni ìpàdánù, kò sí ẹni tí ó ni ín. Bí a kò bá bá aṣọ́lé wí, báwo ni yóò ṣe kọ́gbọ́n?” Ọ̀rọ̀ náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ rọ́ tì. Ìdáhùn tiwa ni pé ìdí ọ̀tọ̀, ẹ̀bi ọ̀tọ̀. Ìdí ni ohun tí ó fa ìpàdánù: aṣọ́lé jáde jù, àwọn ẹ̀yìn kò padà lásìkò, àárẹ̀ mú wọn nítorí pé wọ́n fẹsẹ̀ rìn wá láti oko láàárọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó ni iṣẹ́ yìí, ọjọ́ ìgbáradì sì ni ọjọ́ rẹ̀. Òun ni wíwo ẹ̀yìn tí òwe ń sọ. Ẹ̀bi yàtọ̀. Ẹ̀bi ń wá ẹni tí yóò gbé ìtìjú gbogbo wa, kì í bèèrè ohun tí a lè tún ṣe. Ẹni tí ó bá wá ìdí á rí ẹ̀kọ́; ẹni tí ó bá wá ẹ̀bi á rí ènìyàn kan, á sì dúró síbẹ̀. Ọ̀gá akọ́nimọ̀ọ́gbá lè sọ fún ọmọ pé ó ṣe àṣìṣe. Àwa tí a wà lẹ́yìn ìlà kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún un pé òun fúnra rẹ̀ ni àṣìṣe.

Ẹlòmíràn lè ní ẹni tí kò bínú kò fẹ́ràn. A gbà pé ìpàdánù gbọ́dọ̀ dunni. Ẹni tí kò dùn bí a bá nà wá, ayọ̀ rẹ̀ bí a bá nà wọ́n kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìrora kì í ṣe ohun tí a ń jù sí ẹlòmíràn. Olófò méjì kì í lu ara wọn nílé òkú. Ọmọ tí ó tàsé pẹ́nárítì ni olófò àkọ́kọ́, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí bọ́ọ̀lù náà wọlé tó o. Àwa ni ó yẹ kí a lọ kí i.

Níbí yìí ni a ti rí i pé ìran kọ̀ọ̀kan ní ohun tí yóò fún èkejì. Àwọn àgbà ní ìmọ̀ pé ìpàdánù ní òpin: kí wọ́n fi kọ́ni, kí wọ́n má fi yangàn. Àwọn ìran kejì ní ìmọ̀ pé ènìyàn lè fẹ́ràn ohun tí kò borí fún ogún ọdún: kí wọ́n sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, kí wọ́n sì sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2005 pẹ̀lú, láì bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ní ojú tí ń wo iwájú, wọn kò sì gbà pé ọ̀kẹ́rẹ́ ni àwọn. Kí a má pa ojú náà. Ní orí pápá wọn, ọmọ Ìchà, ọmọ Mahí àti ọmọ Fúlàní ń wọ aṣọ kan náà, wọ́n ti ń sọ “a” kí àwa tó kọ́ wọn.

Ohun tí a ń rọ ẹgbẹ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti ṣe kò náni lówó. Bí adájọ́ orí pápá bá fọn fèrè ìparí, kí àwọn àgbà tí wọ́n wà níbẹ̀ kọ́kọ́ lọ bọ àwọn tí wọ́n pàdánù lọ́wọ́, yálà tiwa ni tàbí ti àlejò, kí wọ́n tó lọ bá àwọn tí wọ́n borí jó. Bí àwọn tí wọ́n ti jáde kọlẹ́ẹ̀jì bá ra omi àti oúnjẹ wá fún ikọ̀, kí wọ́n rà á kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí ó má bàa jẹ́ èrè ìṣẹ́gun. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn fẹnu kò pé fídíò ọmọ tí ó ṣe àṣìṣe kò ní kọjá fóònù ẹni tí ó yà á. Bí a bá sì délé, tí àwọn tí kò lọ bi wá pé báwo ni eré ṣe rí, kí a má ṣe sọ pé wọ́n pàdánù, kí a má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí a dá wọn lóhùn pé a pàdánù, kí a sì sọ ọjọ́ tí a óò tún gbá a fún wọn.